Òǹkà Àná, Ẹ̀jẹ̀ Òní

Ní ọgbà ilé ìwòsàn, kì í pẹ́ kéèyàn tó dá ẹni tí wọ́n ní kó lọ wá ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Kì í jókòó. Fọ́ọ̀mù á wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù á wà létí rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì gbé ìpè rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, grúùpù wo ni yín?" Bó bá jẹ́ Ìkòròdú ni, á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Odógunyàn, á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìgbógbò, á pe ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Sábó. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé PCV ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ti já sí 14. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò mọ ohun tó ń jẹ́ PCV. Kó tó di ọ̀sán, ó ti mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára èèyàn, pé obìnrin tí ara rẹ̀ dá yẹ kó ní 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ẹni tó bá wà ní 14 kò ní àkókò láti fi ṣòfò.

Àárín irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan máa ń ti sọ̀rọ̀ wọlé. Ó lè jẹ́ àbúrò ìyá aláìsàn, ó lè jẹ́ aládùúgbò tó wá kí wọn. Kò ní ka Bíbélì rárá. Á ní, "Ẹ ṣe sùúrù o. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fún un yẹn, ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó bá gbà á ló ń kó àrùn mẹ́dọ̀wú." Ó parí. Ọ̀rọ̀ yẹn á sì ta gbòǹgbò lọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ló máa ráyè béèrè pé ọdún wo ni wọ́n kà á, ìlú wo ni wọ́n ti kà á?

Èmi ráyè, mo sì béèrè. Iye yẹn kì í ṣe irọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ní 1990, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lè gba ẹ̀mí là. Apá kan ìwé náà dá lórí ewu ìfàjẹ̀sínilára, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú ọ̀rọ̀ láti inú ìwé ìròyìn U.S. News & World Report ti May 1, 1989: pé nǹkan bí ẹni 5 nínú 100 tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń kó àrùn mẹ́dọ̀wú, àwọn tó ń kó o sì jẹ́ 175,000 lọ́dún; pé nǹkan bí ìdajì wọn ni àrùn náà kì í kúrò lára wọn; pé nǹkan bí 4,000 ló ń kú. Ìwé ìròyìn gidi ni, àwọn dókítà ìgbà náà kò sì ní bá a jiyàn púpọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ayé kúrò lójú kan, iye náà ò kúrò.

Ọdún 1989 yẹn gan-an ni ayé kúrò lójú kan. Títí dìgbà yẹn, àwọn dókítà mọ̀ pé àrùn mẹ́dọ̀wú kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, tí kì í ṣe irú A, tí kì í ṣe irú B. Nígbà tí wọn ò sì mọ ohun tó jẹ́, ohun tí kì í ṣe yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lóṣù April 1989, Michael Houghton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ọwọ́ àwọn ti tẹ kòkòrò náà. Hepatitis C ni. Kó tó di àárín ọdún 1990, ọ̀nà láti fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un ti wà ní báńkì ẹ̀jẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, iye tí ìwé pẹlẹbẹ náà gbé jáde ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́dún tí wọ́n tẹ ìwé náà gan-an.

Ọkùnrin tó mọ bí iye náà ṣe kú jù lọ ni Harvey Alter, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda. Ó ń tọ ipasẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ń kó àrùn mẹ́dọ̀wú. Wọ́n yé ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, iye náà wálẹ̀ gan-an. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún irú B, ó tún wálẹ̀. Wọ́n wá fi ti C kún un. Nígbà tó fi máa di 1997, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Láti 1999 ni wọ́n ti ń wá àmì kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọn ò dúró de ohun tí ara ń pèsè láti bá a jà. Lónìí, ewu pé páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà á kó HIV tàbí hepatitis C ran èèyàn kò tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan. Alter àti Houghton pẹ̀lú Charles Rice gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020. Ẹni 5 nínú 100 sì ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ láàárín wa.

Kí ọ̀rọ̀ mi má di aáwọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Láti December 1923 tí William Brown, tí wọ́n ń pè ní "Bible Brown," ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní Glover Hall l'Ékòó ni wọ́n ti wà níbí. Ohun tí wọ́n rọ̀ mọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ wá látinú Jẹ́nẹ́sísì orí 9, Léfítíkù orí 17 àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15. Ní 1945 ni ìwé ìròyìn wọn, Ilé Ìṣọ́, sọ ọ́ gbangba pé gbígba ẹ̀jẹ̀ sára kò bá òfin Ọlọ́run mu. Ní 1961, ó di ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ yọ èèyàn lẹ́gbẹ́. Ní 2000, wọ́n là á sí wẹ́wẹ́: apá mẹ́rin pàtàkì tí ẹ̀jẹ̀ pín sí ṣì jẹ́ èèwọ̀, àmọ́ àwọn èròjà tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń yọ lára wọn di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn oníkálukú. Ẹni tó bá sì béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí, ìdáhùn tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fún aráyé ni pé ọ̀rọ̀ ìsìn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣègùn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsìn ni, kí ni àrùn mẹ́dọ̀wú ń wá níbẹ̀?

Ibí yìí ni mo ti máa ń rántí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gágá ń pa èèyàn káàkiri, àwọn kan kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, J. B. Ṣàdáre àti Sófíà Ọdúnlámì wà lára wọn, wọ́n ní àdúrà làwọn máa fi wo ara àwọn, àwọn ò lo oògùn. Ara gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi nìyẹn, ó sì ní ọmọ rẹpẹtẹ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Ẹ lè sọ pé wọ́n ṣàṣìṣe. Àmọ́ wọn ò ka iye kankan fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò sọ pé oògùn òyìnbó ń pa ẹni mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. "Ọlọ́run ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀" ni wọ́n sọ, ẹni tó bá máa tẹ̀ lé wọn sì mọ ohun tó ń tẹ̀ lé. Ìgbàgbọ́ tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá lọ yá ọ̀pá lọ́wọ́ oníṣirò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n yẹ ọ̀pá náà wò.

Àyẹ̀wò náà ò lè fì sápá kan, torí mo mọ ẹni tó máa fi òǹkà tuntun ti Amẹ́ríkà dá ará Ẹ̀pẹ́ lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan ni." Àṣìṣe kan náà ni, òdìkejì rẹ̀ ló gbà. Èkó kì í ṣe Bethesda. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan ṣírò ewu yìí fún Áfíríkà gúúsù Sàhárà, ohun tí wọ́n sì rí ni pé nínú 1,000 páìǹtì ẹ̀jẹ̀, ẹyọ 1 lè kó HIV ran èèyàn, nǹkan bí 4 lè kó hepatitis B, 2 tàbí 3 lè kó C. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò pé 8 nínú 1,000. Kò dé ibi tí ẹni 5 nínú 100 wà, síbẹ̀ ó jìnnà réré sí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan. Òun náà sì ti ń gbó. Lórílẹ̀-èdè wa, nínú àwọn aláboyún tí wọ́n yẹ̀ wò ní ìwádìí 2001, àwọn tó ní HIV jẹ́ 5.8 nínú 100; ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé ní 2018 bá a ní 1.4 láàárín àwọn àgbàlagbà. Ti hepatitis B ló yẹ kó máa já wa láyà jù: 8.1 nínú 100 ni ìwádìí 2018 yẹn rí.

Ìbẹ̀rù àwọn èèyàn náà kò ṣàdédé wá. Ní 2006, ìwé ìròyìn gbé e pé ọmọ ọwọ́ kan kó HIV látinú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ní ilé ìwòsàn ńlá kan l'Ékòó. Ẹni tó bá ka ìròyìn yẹn nígbà náà kò tíì gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká wọ láàbù wò, torí ibẹ̀ ni iye wọ̀nyí ti ń wá. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tó fẹ́ fi tọrẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un lórí ìka. Omi búlúù kan á wà nínú ife kékeré lórí tábìlì. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sínú omi náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀kán náà bá rì tààrà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, ó lè fún èèyàn. Bó bá léfòó tó ń ṣe mẹ̀lọmẹ̀lọ, kó lọ jẹun kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn pélébé àyẹ̀wò: HIV, hepatitis B, hepatitis C, rẹ́kórẹ́kó. Ìlà kan, kò sí nǹkan. Ìlà méjì, wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ náà nù. Kó tó kan aláìsàn, wọ́n á po díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n á wò ó bóyá wọ́n gba ara wọn tàbí wọ́n dì mọ́ra bí wàrà tó bàjẹ́.

Ibi tí ewu ti ń yọ́ wọlé kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara èèyàn lè sá pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí pélébé àyẹ̀wò kò ní rí i. Èkejì ni ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kò ní ìdí láti parọ́ nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹni tó nílò owó ní ìdí. Àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fínnúfíndọ̀ láìjẹ́ pé ẹbí wọn ń ṣàìsàn ṣì kéré gan-an lọ́dọ̀ wa. Ìdí tí ọkùnrin tó ń wá ẹ̀jẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ fi ń pe Odógunyàn nìyẹn. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá àjọ National Blood Service Commission sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ máa ń sọ pé orílẹ̀-èdè yìí nílò nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 páìǹtì lọ́dún, ohun tí wọ́n ń rí kò sì ju nǹkan bí 500,000 lọ. (Láti bí ọdún mélòó kan ni mo ti ń gbọ́ iye yìí láìyí padà. Ẹni tó ń bá ẹlòmíràn wí lórí òǹkà tó gbó, kó wo tirẹ̀.)

Iye tí aládùúgbò yẹn mú wá ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí kì í sọ. Bí a bá ń ka ewu ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn gbà, ó yẹ ká ka ewu èyí tí kò gbà. Ìwé pẹlẹbẹ kì í ní ojú ìwé fún ìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn Ẹlẹ́rìí gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ̀ ọ́ tí a lè kà. Ní 2002, Jeffrey Carson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí 300 aláìsàn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láàárín 1981 àti 1994, tí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀ láti gbà á nítorí ìsìn. Àwọn tí ìwọ̀n hemoglobin wọn, òǹkà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, kò rẹlẹ̀ ju 7 lọ, kò sí ẹni tó kú nínú wọn láàárín oṣù kan. Àwọn tí tiwọn já sí àárín 4 sí 5, ẹni 34 nínú 100 ló kú. PCV 14 tí nọ́ọ̀sì sọ nínú wọ́ọ̀dù, tí a bá pín in sí mẹ́ta bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àárín 4 sí 5 yẹn gan-an ló bọ́ sí. Aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yàtọ̀ sí abiyamọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, n kò ní gbé ọ̀kan lé èkejì lórí. Àmọ́ nípa abiyamọ náà, ìwádìí wà. Ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n wo ikú aláboyún láti 1983 sí 2006: láàárín àwọn obìnrin Ẹlẹ́rìí, ó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà ti àwọn yòókù, tó bá sì jẹ́ ikú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya nìkan, ìlọ́po 130. Netherlands mà nìyẹn, níbi tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn kì í há sí Mile 12.

Ó yẹ kí n fún àwọn Ẹlẹ́rìí ní ẹ̀tọ́ wọn. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára bí ẹni ń bu omi, àwọn aláìsàn tó kọ̀ sì wà lára ohun tó fi agbára mú wọn ronú. Denton Cooley ní Houston ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún wọn láìlo ẹ̀jẹ̀; ní 1977, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn 542 irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1999, ìwádìí kan ní Kánádà fi hàn pé ọ̀pọ̀ aláìsàn tó wà lójú ikú pàápàá lè dúró kí ìwọ̀n wọn sún mọ́ 7 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe 10 bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 2019, wọ́n rí i ní Uganda àti Malawi pé ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà láàárín 4 sí 6, tí kò sí àmì ewu mìíràn lára rẹ̀, kò fi dandan nílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìyókù ìtàn náà: wọn ò gbé ojú kúrò lára àwọn ọmọ yẹn, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì padà gba ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó wù mí jù lọ wà nílé ìgbẹ̀bí. Bí obìnrin bá bímọ tán, ojú nọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ojú a sì máa tan èèyàn jẹ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ obìnrin náà, tí ìlà wà lára rẹ̀ bíi ti ife tí wọ́n fi ń wọn oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú rẹ̀, ìlà ń sọ iye. Bó bá ti dé ìlà ìkìlọ̀, wọn ò dúró mọ́: wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú un sún kì, wọ́n á fi tranexamic acid kún un, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania ni wọ́n ti dán an wò lára obìnrin tó lé ní 200,000. Èsì rẹ̀ tó jáde ní 2023 ni pé ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le dín kù ní 60 nínú 100. Kò sí Ẹlẹ́rìí tó ní láti kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi òǹkà gba ẹni tó ń kọ ẹ̀jẹ̀ là, èyí ni kó tẹ̀ síwèé, kó pín in láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ kíkọ ẹ̀jẹ̀ yìí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè wa ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin ẹni ọdún 29 kan tó kọ ẹ̀jẹ̀ ní 1991 lẹ́yìn ìbímọ, tó sì kú. Dókítà Okonkwo tó tọ́jú rẹ̀, Ẹlẹ́rìí lòun náà, bọ̀wọ̀ fún ohun tó sọ. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ní March 2001, ilé ẹjọ́ fagi lé e: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn. Àmọ́ ẹni tó kọ nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ohun tó kọ̀. Ní 2005, Kerry Louderback-Wood, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín àwọn Ẹlẹ́rìí, tí àìtó ẹ̀jẹ̀ sì pa ìyá rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Journal of Church and State pé òfin kò lè dá sí ohun tí ìsìn kan gbà gbọ́, àmọ́ bí ẹgbẹ́ ìsìn bá yí ọ̀rọ̀ dókítà àti ti onímọ̀ po kí èèyàn lè kọ ìtọ́jú, ó yẹ kó lè jẹ́jọ́ lórí ìyẹn. N kò tíì rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà dé iwájú adájọ́ nílẹ̀ wa.

Ẹjọ́ kejì jẹ́ ti ọmọ, ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní April 1997, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ilé ìwòsàn Chevron ní Lẹ́kì. Kò tíì pé oṣù kan tí àìsàn kọ lù ú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ìyá rẹ̀, Ẹlẹ́rìí ni, kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọlọ́pàá gba àṣẹ lọ́dọ̀ májísíréètì ní May 12, Dókítà Faweya sì fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ara ọmọ yá, wọ́n dá a sílẹ̀ kó máa lọ ilé. Ìyá pẹjọ́, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 15 náírà gbà-máà-bínú fún òun. Ẹjọ́ náà gòkè láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a nù ní March 8, 2019, tí wọ́n ní ìyá lè kọ̀ fún ara rẹ̀, kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kọ ìwàláàyè fún ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ ìdájọ́ yẹn, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọmọ náà pé ọdún 22. Ó ti dàgbà tó láti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà bóyá òun á gba ẹ̀jẹ̀ tàbí òun ò ní gbà.